Nígbà tí wọ́n bá ní òtútù kò ní le ní Great Plains

Tí oṣù kejì ọdún bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Great Plains, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá àárín Amẹ́ríkà, ní Kansas, Nebraska àti South Dakota: ṣé òtútù ti ń lọ ni, àbí ó kàn lọ mí díẹ̀ kó tó padà?

Climate Prediction Center, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ olóṣù mẹ́ta jáde, ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣì í kà. Wọ́n á rí 40% lórí Nebraska nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ooru á fi 40% lé sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kó ìgbà òtútù 30 jọ, láti 1991 dé 2020, kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó tutù jù dé orí èyí tó móoru jù. Mẹ́wàá tutù, mẹ́wàá wà láàárín, mẹ́wàá móoru. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ nǹkan kan nípa ọdún tó ń bọ̀, 33% ló kan ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ 40% ń sọ pé ó jọ pé ọdún yìí á bọ́ sáàárín àwọn tó móoru, ṣùgbọ́n 60% tó kù ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá torí ẹ̀ ta ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ló mọ̀.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò jìnnà: omi Òkun Pàsífíìkì nítòsí agbedeméjì ayé. Bí omi ibẹ̀ bá gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, ìyẹn El Niño, afẹ́fẹ́ òkè sánmà tí wọ́n ń pè ní jet stream a yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Apá àríwá Great Plains sábà máa ń móoru nígbà náà, òtútù Arctic, ti ìpẹ̀kun àríwá ayé, a jókòó sí Kánádà. El Niño wà ní ìgbà òtútù 2023 sí 2024, ìgbà òtútù yẹn ló sì móoru jù lọ nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, láàárín oṣù kìíní 2024, òtútù Arctic ya wọlé dé Texas. Kò sí òkè kankan tó dábùú ọ̀nà láti Kánádà dé ibẹ̀.

Ooru mìíràn ń ti Òkè Rocky wá. Afẹ́fẹ́ tó bá gun òkè yìí láti ìwọ̀ oòrùn a da omi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, a wá sọ̀ kalẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní gbígbẹ. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fún pọ̀, bó ṣe ń fún pọ̀ ló ń gbóná, bíi dígírì Celsius 10 fún 1,000 mítà. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Chinook ni wọ́n ń pè é. Ó gbẹ bí ọyẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n yìnyín ilẹ̀ ni oúnjẹ tirẹ̀. Ní Spearfish, South Dakota, ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ 22 oṣù kìíní 1943, dígírì -20 ló wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ó ti di 7. Ní agogo mẹ́sàn-án ó ti dé 12. Afẹ́fẹ́ náà wá dáwọ́ dúró, ìṣẹ́jú 27 péré ló sì fi padà sí -20. Gíláàsì fèrèsé ń sán.

Àwọn tó ń gbin àlìkámà kì í tètè yọ̀ sí irú ooru bẹ́ẹ̀. Àlìkámà tí wọ́n gbìn kí òtútù tó dé ń sùn ni. Bí ooru bá jí i ní oṣù kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, agbára tó fi ń fara da òtútù á sì lọ. Òtútù tó bá padà lẹ́yìn ìyẹn lè pa á.

Iná náà tún wà ńbẹ̀. Koríko ti gbẹ, tuntun kò tíì hù, yìnyín kò sí lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2024, lọ́jọ́ tí ooru mú tí ìjì sì ń jà, iná Smokehouse Creek ṣẹ́ ní àríwá Texas. Ó jó ju mílíọ̀nù éékà kan lọ, kò sì sí iná tó tóbi tó o nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, yìnyín já bọ́ sórí eérú.