Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Ṣọ́ Igbó ní Harvard Forest

Nígbà tí Yunifásítì Harvard dá Harvard Forest sílẹ̀ lọ́dún 1907, ní ìlú Petersham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe tìtorí kí wọ́n lè máa kọ ọjọ́ tí ewé yọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó ni wọ́n fẹ́ kí ibẹ̀ jẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú igi títí yóò fi tó gé, àti èyí tó yẹ kí a dá sí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko sílẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi páìnì hù bo ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n sì gé páìnì yẹn tà, óákù àti mépù ló dìde láti abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe páìnì mìíràn. Títí dòní, ògiri òkúta tí àwọn àgbẹ̀ fi pààlà ṣì wà láàárín igi. Richard T. Fisher, olùdarí àkọ́kọ́, rí i pé ẹni tí kò mọ ohun tí ilẹ̀ ti jẹ́ kò lè mọ ohun tí yóò hù lórí rẹ̀, nítorí náà òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n ń wọn igi, wọ́n sì ń kó àkọsílẹ̀ jọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú Fisher, ìjì líle kan jà láti orí òkun Àtìláńtíìkì wọ New England, agbègbè ìlà oòrùn àríwá Amẹ́ríkà tí Massachusetts wà, ó sì wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn páìnì ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú bọ̀. Ètò gígé igi kò wúlò mọ́. Àkọsílẹ̀ ni ìjì kò lè wó. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àṣà ìṣọ́gbó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ohun tí èèyàn lè rí gé, bí kò ṣe ohun tí igbó ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dé bá a.

Ìdáhùn kò tètè dé. Lẹ́yìn ìjì náà, wọ́n kó igi tó wó kúrò jákèjádò agbègbè náà, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ ìtì igi sínú adágún kí ó má bàa bàjẹ́. Ní 1988 ni Harvard Forest wọ inú ètò ìwádìí àyíká ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ ní 1980, owó sì wá wà fún iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò lè yọ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, àwọn olùṣèwádìí so okùn wáyà mọ́ igi, wọ́n fi ẹ̀rọ fà wọ́n lulẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 0.8, bí ìjì 1938 ṣe wó wọn, ṣùgbọ́n wọn kò kó igi náà kúrò. Púpọ̀ nínú èyí tó dùbúlẹ̀ ṣì ń rúwé fún ọdún mélòó kan, igi kéékèèké gba àyè, èròjà inú ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ó wá hàn pé kíkó igi kúrò lẹ́yìn ìjì lè da igbó rú ju ìjì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò ó fún ọdún kan péré kì bá rí èyí.

Ní ọdún 1990 yẹn kan náà ni John O'Keefe, olùṣèwádìí kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀: ní ìgbà ìrúwé, yóò gba ojú ọ̀nà kan náà láàárín igbó lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta sí méje, yóò wo àwọn igi kan náà, yóò sì kọ bí ẹ̀ka ṣe ń rudi àti bí ewé ṣe tóbi tó sílẹ̀. Oríṣi igi 33 ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2002 ó dín wọn kù sí mẹ́sàn-án. Nínú igbó yìí náà ni òpó onírin gíga wà tí Steven Wofsy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ sí, láti wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí igbó ń fà sínú àti èyí tó ń tú jáde. Ní 1991, Jerry Melillo àti àwọn tirẹ̀ ri wáyà iná mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ lè fi dígíríì 5 lórí ìwọ̀n Celsius gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè rí ohun tí ooru ń ṣe sí i. Ẹ̀rọ orí òpó lè sọ iye tí ewé fà, ṣùgbọ́n ojú O'Keefe ló ń sọ ìgbà tí ewé dé.

Nítorí pé iṣẹ́ O'Keefe yìí kò béèrè ju ojú, ìwé àti sùúrù lọ, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama lè ṣe é ní àgbàlá tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ sì tún gba ọ̀nà mìíràn wọ igbó náà. Nínú ètò tí Harvard Forest ṣe fún wọn, àwọn olùkọ́ máa ń kọ́ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùṣèwádìí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, àwọn ọmọ á so àmì mọ́ ẹ̀ka, wọ́n á máa ka ewé orí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi wọ́ tán, nígbà tó bá sì di ìgbà ìrúwé, ìrudi orí ẹ̀ka ni wọ́n ń ṣọ́. Àwọn mìíràn ń yẹ abẹ́ ewé igi hẹ́mlọ́ọ̀kì wò fún àpò ẹyin funfun bí òwú tí kòkòrò tó ń fa omi inú igi náà máa ń fi síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ á kó nọ́ńbà kíláàsì rẹ̀ wá sí Petersham, òun àti àwọn olùṣèwádìí á sì jọ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á fi wọ́n ya àwòrán, kí ọmọ tó ka ewé lọ́dún yìí lè rí ọdún tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn tó ti jáde kúrò ní kíláàsì náà kà.