Àsìkò ìsinsìnyí adáwà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àsìkò ìsinsìnyí adáwà ni èyí tí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní simple present tense. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kọ́ ni a sábà ń fi í sọ. Ohun tí ènìyàn máa ń ṣe, ohun tó jẹ́ òtítọ́ nígbà gbogbo, àti ipò tí nǹkan wà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. "She sells cloth" kò sọ pé obìnrin náà wà nídìí ìsọ̀ báyìí. Ó lè wà lórí ibùsùn rẹ̀ nílé. Aṣọ títà ni iṣẹ́ rẹ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, yálà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà, ibi méjì ni àsìkò yìí ti máa ń le. Èkíní ni lẹ́tà s kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbà. Èkejì ni pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ sábẹ́ ìrísí kan, atọ́ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá fi ń sọ ọ́.

Ìrísí

Ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà bí a ṣe ń bá a nínú ìwé atúmọ̀-èdè: "I go", "you go", "we go", "they go". Ìgbà tí olùwà bá jẹ́ ẹni kẹta ẹyọ nìkan ló ń gba àfòmọ́ ẹ̀yìn -s: "he goes", "Adé goes", "the bus goes". Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá parí sí s, sh, ch, x, z, tàbí sí o bíi ti "go" àti "do", -es ni a ń kọ, bíi "washes", "teaches" àti "fixes". Bí kọ́ńsónáǹtì bá ṣáájú y, y náà á di ie kí s tó dé, tí "carry" fi ń di "carries". Bí fáwẹ̀lì ló ṣáájú rẹ̀, kò ní yí padà, "plays" ni a ó kọ. "Have" ń di "has". "Be" nìkan ló ní ìrísí mẹ́ta: "am", "is", "are".

"Can", "may", "must" àti "will" kì í gba s rárá. Ìtàn ló fà á: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìrísí tí a fi ń sọ ohun tó ti kọjá láyé àtijọ́, tí ìtumọ̀ wọn wá di ti ìsinsìnyí, irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba àfòmọ́ yìí.

Ìró àfòmọ́ -s

Yorùbá àjùmọ̀lò ní kọ́ńsónáǹtì 18. Ìró /z/ kò sí nínú wọn, kò sì sí sílébù Yorùbá tó ń parí sí kọ́ńsónáǹtì. N tí a ń kọ sí ìdí "ọmọkùnrin" kàn ń fi hàn pé fáwẹ̀lì náà jẹ́ àránmúpè ni. Àfòmọ́ -s sì ń béèrè ohun méjèèjì tí Yorùbá kò ní.

Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn bíi p, t, k àti f, /s/ ni a ń gbọ́: "sweeps", "eats", "cooks". Lẹ́yìn fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì akùnyùn, /z/ ni a ń pè bó tilẹ̀ jẹ́ pé s ni a kọ sílẹ̀: "sells", "reads", "goes", "plays". Lẹ́yìn àwọn ìró bíi s, z, sh, ch àti j, sílébù kan á tún kún un, /ɪz/, tí "wash" onísílébù kan fi ń di "washes" onísílébù méjì. "Says" ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: fáwẹ̀lì inú rẹ̀ sún mọ́ ẹ ti Yorùbá, kì í ṣe fáwẹ̀lì inú "say".

Nígbà tí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ lò, z máa ń di s, bí Zion ṣe di Síónì nínú Bíbélì. Ó sì máa ń fi fáwẹ̀lì ti ìdí ọ̀rọ̀: "class" di kíláàsì, "bus" di bọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé àṣà yìí lọ bá "sells" á bá ara rẹ̀ níwájú ọ̀nà méjì: kó pè é bíi "sẹ́ẹ̀lìsì", tàbí kó fi s náà sílẹ̀ pátápátá. Ó dà bíi pé ọ̀nà kejì ló wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, àṣìṣe tí a ń kà sí ti gírámà lè jẹ́ ti ẹnu. Ọmọ náà lè mọ̀ pé s wà níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìṣì, síbẹ̀ kí ahọ́n rẹ̀ má rí ibi gbé e sí. "Asks", níbi tí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ti tò tẹ̀ léra, ló le jù nínú gbogbo wọn.

Ìṣe bárakú

Gírámà Yorùbá tí a ń kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ máa ń ya àsìkò sọ́tọ̀ kúrò lára ibá-ìṣẹ̀lẹ̀. Àsìkò afànámónìí kò pín àná àti òní níyà. Ibá ló ń fi hàn bóyá ìṣe ti parí, bóyá ó ń lọ lọ́wọ́, tàbí ó ti di bárakú. Ó jọ pé ojú ibá bárakú yìí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ fi wo àsìkò Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ, ju ojú "ìsinsìnyí" tó wà nínú orúkọ rẹ̀ lọ.

Máa ń ni atọ́ka bárakú tó hàn jù. "Ọọ̀ni máa ń dé adé Àrè nígbà ọdún Ọlọ́jọ́" ni "The Ọọ̀ni wears the Àrè crown at the Ọlọ́jọ́ festival". Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni adé náà ń jáde ní Ilé-Ifẹ̀, síbẹ̀ "wears" ló tọ́, nítorí pé àṣà ni a ń sọ, kì í ṣe iye ìgbà. Bákan náà ni òtítọ́ tí kì í yẹ̀. "Cocoa pods grow on the trunk" ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ohun tí gbogbo àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà mọ̀, pé ara igi gan-an ni kòkó máa ń so sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni pé ń nìkan lè ṣe iṣẹ́ méjì. "Bàbá mi ń ta kòkó" lè dáhùn "Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?" Ó sì tún lè dáhùn "Kí ni bàbá rẹ ń ṣe lọ́wọ́?" Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ìdáhùn méjèèjì jọ ara wọn: "My father sells cocoa" ni ti àkọ́kọ́, "My father is selling cocoa" ni ti èkejì. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó sì ní "He is selling cocoa", gbólóhùn rẹ̀ kò ní àbùkù nínú ara rẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Àyẹ̀wò kan wà tó sábà máa ń yanjú rẹ̀. Bí a bá lè fi máa ń rọ́pò ń tí ìtumọ̀ kò sì yí padà, "sells" ni. Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ ni a lè fi kún un, "is selling" ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní atọ́ka rárá ni ìdẹkùn kejì. "Mo lọ sí Iléṣà" jọ "I go to Iléṣà" lójú, ṣùgbọ́n "I went" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí ni "I go to Iléṣà yesterday" ti ń wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ipò kò rí bẹ́ẹ̀: mọ̀, fẹ́, ní àti gbàgbọ́ kò nílò atọ́ka láti tọ́ka sí òní. "Mo mọ̀ ọ́n" ni "I know him". Níbi yìí, èdè méjèèjì bára mu lọ́nà tó wuni: Yorùbá kì í sábà fi ń sí mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kì í sábà fi -ing sí "know". Gbọ́ ni kò bá wọn rìn. "Mò ń gbọ́ ọ" ni a máa ń sọ, òun ló sì jọ pé ó bí "I am hearing you" tó wọ́pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àwọn onílùú rẹ̀ ti ń sọ "I hear you".

Ìbáramu mìíràn kì í sábà jáde nínú ìwé gírámà. Àwọn gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé sísọ wọn ni ṣíṣe wọn, irú èyí tí onímọ̀ J. L. Austin pe àkíyèsí sí: "I promise", "I thank you", "I beg you". Àsìkò ìsinsìnyí adáwà ni gbogbo wọn. Yorùbá náà kì í fi atọ́ka kankan sí tirẹ̀: mo dúpẹ́, mo bẹ̀ yín, mo kí yín. Ẹni tó ní "mo bẹ̀ yín" kò sọ ẹ̀bẹ̀ àná. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Wọ́n ọ̀wọ̀

"Ó" Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin tàbí nǹkan, ṣùgbọ́n èyí kò kan s, nítorí "he", "she" àti "it" ló jọ ń gbà á. Ọ̀wọ̀ ló kàn án. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í pe bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní "ó". Bí a bá béèrè pé "Ṣé bàbá wà nílé?", "Wọ́n wà nílé" ni yóò sọ. Nígbà tí ó bá gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, "wọ́n" á di "they", ọ̀rọ̀-ìṣe á sì pàdánù s rẹ̀: "My father, they go to farm every day." Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣì í lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ọ̀wọ̀ nínú arọ́pò-orúkọ, nítorí náà "he goes" kò fi àrífín kankan hàn sí bàbá, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún ọmọ náà kedere. Ti "ẹ" àti "o" kò ní wàhálà, nítorí "you" kan náà ni méjèèjì ń dà.

Àyísódì àti ìbéèrè

"Do" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àyísódì àti ìbéèrè, òun náà ló sì ń gba s: "She does not sell cloth". S kan ṣoṣo ló wà. Bí "does" bá ti mú un, kò sí ẹyọ kankan mọ́ fún "sell". "She does not sells" ti lo s lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í àti kò ni Yorùbá ń lò, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́" ń sọ ìṣe. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ" ń sọ ipò. "Does not" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò fún méjèèjì. Ẹ tún wo "Ó máa ń jẹ ẹran" àti "Kì í jẹ ẹran": níwájú kì í àti kò, "ó" máa ń pòórá. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí olùwà pòórá bẹ́ẹ̀, "He does not eat meat" ni dandan.

Nínú ìbéèrè, ibi tí ṣé ń jókòó sí nínú "Ṣé ó ń ta aṣọ?" ni "does" ń jókòó sí nínú "Does she sell cloth?" "Be" kì í pe "do" ràn án lọ́wọ́: "Is she a trader?"

Àwọn ìlò mìíràn

A ń lò ó fún ètò tí àkókò rẹ̀ ti wà nílẹ̀, bíi "School closes on Friday", fún ìròyìn eré bọ́ọ̀lù bó ṣe ń lọ, àti fún àkọlé ìwé ìròyìn kódà bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá, bíi "Fire destroys shops". Lẹ́yìn "when" àti "if", òun ló ń dúró fún ọjọ́ iwájú: "When the rain stops, we will go". Èyí kò yẹ kó ṣòro, nítorí Yorùbá náà kì í fi yóò síbẹ̀: "Tí òjò bá dá, a ó lọ".

Ìtàn àfòmọ́ náà

-eth ni àfòmọ́ tó gbilẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Àríwá ni -s ti wá. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 ṣì di -eth mú, ìdí nìyẹn tí "maketh", "leadeth" àti "restoreth" fi wà nínú Sáàmù 23. Láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni -s borí pátápátá.

Ètò Ifẹ̀ ọdún 1970

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Bàbátúndé Fáfúnwá. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ inú ètò náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ní pàtàkì ni a sì yàn fún un. Àwọn ọmọ tí a fi wé wọn gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Ìròyìn tó jáde láti inú ètò náà ní pé àwọn tó lo Yorùbá jálẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà kò dá lórí àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe ní pàtó, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ tó ti mọ ìyàtọ̀ máa ń àti ń lọ́wọ́ nínú èdè rẹ̀ ti ní ohun tí olùkọ́ lè fi "sells" àti "is selling" wé.