Awọ tó pọ́n lẹ́yìn facial: ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kí ẹ tó gbé ìgò òróró

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì kì í gba èrò mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ló ní òde lọ́jọ́ kejì: ìgbéyàwó ní Ìkéré, ìsìnkú ní Ìjerò, ìwúyè ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó fẹ́ facial wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ká fi ìda gbígbóná fa irun orí ètè tàbí ti abíyá wà níbẹ̀. Bí a bá ti ṣe é tán tí wọ́n wo dígí, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀lé e: "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní lavender tí ẹ lè fi pa á, kó lè tètè rọlẹ̀?"

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìyàwó ojú ọ̀nà kan bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì dá a lóhùn pé mo ní. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìda fa irun orí ètè rẹ̀ tán ni, ibẹ̀ sì gbóná. Mo kán òróró òdòdó lavender ẹ̀kán mẹ́ta sínú òwú, mi ò pò ó mọ́ nǹkan kan, mo fi nu ibẹ̀. Ó ní ó ń ta òun. Mo ní kó fara dà á, pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìdána, ìlà dúdú kan ti yọ lórí ètè rẹ̀ bí ẹni tó fi èédú fa irunmú. Ẹni tó kun ojú fún un rí i bò, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin gbáko ni ìlà náà fi wà níbẹ̀ kó tó parẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ nípa "awọ tó pọ́n", awọ àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kọ ọ́. Tiwọn á pọ́n bí tòmátì, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán á rí i. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára adúláwọ̀, ibi tí ara ti ń gbóná lè kàn dúdú sí i díẹ̀, ó lè ní àwọ̀ elésè àlùkò, tàbí kí ojú má tilẹ̀ rí nǹkan kan rárá. Nítorí náà, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé dígí mọ́. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ tún gbé e lé ọrùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbóná ju ọrùn lọ, tí awọ ibẹ̀ ń fà bí ẹni pé ó kéré fún ojú, ara yín ti pọ́n nìyẹn, ohun yòówù kí dígí sọ.

Kí ló ń fà á? Bí ìda bá ń fa irun tu, ó ń ṣí díẹ̀ lára awọ òkè pẹ̀lú rẹ̀. Ooru omi gbígbóná tí a fi ń mú kí awọ ojú rọ̀, ọwọ́ tó ń ra ojú, èròjà tí a fi ń ha awọ tó ti kú, gbogbo wọn ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á sáré débẹ̀, ara á sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde, òun ló ń mú ara yún, tó sì ń mú un wú. Kì í ṣe àìsàn. Ti facial lásán, láàárín wákàtí díẹ̀ ni yóò lọ. Ti ìda lè wà di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn kó di ọjọ́ kẹta.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ ni ohun tó máa ń kù lẹ́yìn náà. Awọ wa kún fún èròjà tó ń fún un ní dúdú, bí ohunkóhun bá sì bí awọ náà nínú, èròjà yìí á pọ̀ sí i níbẹ̀. Bí iná bá kú, a máa fi eérú bojú. Ìpọ́n ọjọ́ kan lè fi àmì dúdú oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, bí a bá sì ń fi ohun tó ń ta á kún un, àmì náà á jinlẹ̀ sí i. Ohun tí mo ṣe fún ìyàwó ọjọ́sí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, òtútù ló kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe òróró. Ẹ mú piọ́ wọ́tà kan nínú fíríìjì, kì í ṣe èyí tó ti di yìnyín, ẹ fi áńkáṣíìfù tó mọ́ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbé e kúrò, kí ara sinmi, kí ẹ tún gbé e lé e. Bí kò bá sí iná, ẹ rẹ aṣọ funfun sínú omi àmù, ẹ fún un, ẹ fi lé e. Yìnyín lásán kò gbọdọ̀ kan awọ, torí òun náà ń jó ni. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, mọ bí ara ṣe máa ń mí kanlẹ̀ bí òtútù bá dé bá ooru. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fẹ̀ á sún kì. Mo ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbóná bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódó rọ̀ wẹ̀sì láàárín ogún ìṣẹ́jú, láìsí òróró kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn òtútù, ohun tí kò lóòórùn. Omi inú ahọ́n erin, èyí tí wọ́n ń pè ní aloe vera, dára bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ omi pupa kíkorò tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò; omi pupa yẹn ń yún àwọn kan. Òrí tó mọ́ náà dára. Èmi fẹ́ràn òrí ju àdín àgbọn lọ fún ojú, nítorí àdín àgbọn máa ń dí ihò ara àwọn tó bá ń ní irorẹ́.

Ó wá ku àwọn òróró olóòórùn inú ìgò kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní essential oil. Mi ò kórìíra wọn, mò ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Ewé tàbí òdòdó ni wọ́n sábà máa ń fi ooru omi sè, tí wọ́n á sì gba oje rẹ̀ tó bá ooru gòkè. Ti òdòdó rose, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò òdòdó ni wọ́n ń sè kí kílò kan òróró tó jáde. Ohun tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìpara. Bí a bá sì kán an sórí awọ tí ìda ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé: yóò wọlé ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn tó ń sọ pé lavender kò nílò àpòpọ̀ sábà máa ń mú ìtàn onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan wá, René-Maurice Gattefossé. Ọwọ́ rẹ̀ jóná nígbà tí nǹkan bú gbàmù nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì fi òróró lavender tọ́jú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n egbò tó ti ń jẹrà ló ń bá jà, ẹ̀mí rẹ̀ ló fẹ́ gbà là. Ojú tí a fẹ́ gbé lọ sóde kò sí nínú irú ogun bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tèmi ni pé ibi tí ìda bá kàn, mi ò fi òróró olóòórùn kankan síbẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá. Facial tí kò ní ìda nínú, mo lè lò ó lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ọwọ́ bá ti sọ pé ooru ti lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ fún ojú ni ẹ̀kán mẹ́ta nínú 30 ml òróró tí kò lóòórùn, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì. Fún itan, apá tàbí ẹ̀yìn, ẹ lè dé ẹ̀kán mẹ́fà, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ̀kán bí 200 ló wà nínú ìgò 10 ml. Bí ìgò yín bá ń tán lóṣooṣù, ẹ ń lò ó jù.

Ẹ má ṣe kán an sínú abọ́ omi láti fi bọ́jú o. Òróró kò bá omi rẹ́. Orí omi ló máa wà, bí ẹ bá sì bu omi náà sójú, òróró tí ẹ kò pò mọ́ nǹkan kan ló fara kan yín. Inú òróró mìíràn ni kí ẹ ti pò ó.

Nínú gbogbo wọn, òróró òdòdó chamomile ni mo kọ́kọ́ máa ń mú fún ara tó ń gbóná. Ti Jámánì máa ń ní àwọ̀ búlúù. Inú òdòdó kò sí búlúù yẹn, ooru tí wọ́n fi sè é ló mú un jáde. Ìdílé kan náà ni chamomile àti ewúro pẹ̀lú imí-eṣú ti wá, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún bó bá fọwọ́ kan àwọn ewé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Lavender tẹ̀lé e. Tea tree, tó wá láti Ọsirélíà, wúlò fún ẹ̀ẹ́lẹ̀ kéékèèké tó máa ń yọ síbi tí a ti fa irun, ṣùgbọ́n mi ò fi sójú.

Peppermint ń tan ara jẹ. Bí rọ́ọ̀bù ló rí: ara á sọ pé òun ti tutù, bẹ́ẹ̀ ooru ṣì wà níbẹ̀, iṣan tó ń gbọ́ òtútù ni ó fọwọ́ kàn. Kànáfùrù, ewé tíì àti ẹfinrin le jù fún awọ tó ti bó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọbẹ̀ àti àgbo.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọsàn. Òróró bergamot, tó jẹ́ irú ọsàn kan, àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún láti ara èèpo láìsè é, ní èròjà tí oòrùn máa ń tan iná sí. Ẹ pa á, ẹ bọ́ sóde lọ́sàn-án, awọ lè jó, kó sì dúdú wìnnìwìnnì ní gbogbo ibi tó ṣàn gbà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fún sójú nílé láti fi mú ojú mọ́ ń ṣe ohun kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.

Ẹ tún wo ìgò. Orúkọ ewé náà lédè Látìn yẹ kó wà lára rẹ̀. Ti lavender tòótọ́ ni Lavandula angustifolia. Bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ fragrance oil, lọ́fínńdà ni, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lára awọ tó ń gbóná. Kí ìgò náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí ìdérí rẹ̀ le, kó sì wà níbi tó tutù. Èròjà kan wà nínú lavender tó ń jẹ́ linalool. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń yí padà di ohun tí ara ń kọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ gba lavender lọ́dún tó kọjá lè máa họra lọ́dún yìí nítorí ìgò tó ti gbó. Èmi máa ń kọ ọjọ́ tí mo ṣí i sára ìgò.

Kí ẹ tó fi àpòpọ̀ tuntun sójú, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá, ẹ má fọ ibẹ̀, ẹ dúró fún wákàtí 24 sí 48. Aláboyún, pàápàá tí oyún kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kó fi òróró wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹni tó ń lo ìpara ìbóra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa kí a tó gbé ìda lé yín lára: ìpara tó ní steroid nínú máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìda sì lè bó o. Ẹni tó lo oògùn irorẹ́ tó ń jẹ́ isotretinoin, oṣù mẹ́fà ni kó dúró lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Mi ò ní fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tó bá sọ òótọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ yẹra fún omi gbígbóná, kànìnkànìn, lọ́fínńdà, ọṣẹ dúdú àti oòrùn ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí awọ bá ń lé ròrò, tó ń ṣọyún, tí ooru náà ń tàn kálẹ̀ dípò kó máa lọ, tàbí tí ibà dé sí i, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ètè tàbí ìpéǹpéjú bá ń wú, tí èémí ń há, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò ìyàwó yẹn náà ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá bá mi fúnra rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì wá fún òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe máa ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n ṣe. Mo fa irun rẹ̀ tán, mo fi áńkáṣíìfù wé piọ́ wọ́tà, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi kan orí ètè rẹ̀, ó tún fi kan ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un."