Pléètì Tí Kò Ṣẹ́ Lẹ́nu Fáìsì

Ẹni tó bá tún gbé pléètì egungun, irin tí dókítà ń fi skúrù dè mọ́ egungun tó ṣẹ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ní wẹ́dà òun ti fi fáìsì dì í mú, ó gbá a lóòlù, kò ṣẹ́, kó jọ̀ọ́ máa gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni òòlù gbá. Ẹni tó ń rìn, ní gbogbo ìgbà tó bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹrù tó ń bọ́ lé oríkèé ìbàdí rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ wa, èyí tí a fi ń dán agbára nǹkan inú ara wò, fi ń tẹ nǹkan, tó ń tú u sílẹ̀, tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ti ìbàdí àtọwọ́dá, mílíọ̀nù 5 ìgbà ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, nǹkan bí ọjọ́ 58 ni, tọ̀sán tòru. Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ, ibi tó ti ń di nǹkan mú, gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fa iṣan wò, irú èyí tó so ẹran ara mọ́ egungun, iṣan màlúù tí ẹ rà lódò ẹran ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹ fún un jù, irin á gé e; ẹ dẹ̀ ẹ́, á máa yọ́ jáde, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ pé iṣan ló ń nà. Irọ́ ni! Èmi máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì dì gbagidi bí ẹja inú fírísà, màá máa wọ́n omi iyọ̀ sáàárín rẹ̀, torí iṣan tó bá gbẹ á le ju bó ṣe yẹ lọ. Màá wá kán yíǹkì dúdú sójú méjì láàárín, kí kámẹ́rà máa wo bí wọ́n ṣe ń jìnnà síra. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Àwọn kan tó ń to egungun á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n ní ọjọ́ tó bá rìn ni aláìsàn á rìn. Adìyẹ wo ló wọ̀n tó 80 kílò?

Bàbá kan wá láti ọ̀nà Rẹ́mọ, ó gbé pléètì tó kán sí méjì dání, èyí tí wọ́n yọ nínú itan ọmọ rẹ̀. “Ẹnjiníà, ayé ló ṣe é. Ẹ bá mi jó o pọ̀, kí dókítà dá a padà.” Mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Etí ihò skúrù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀: ibẹ̀ ń dán, ó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ara wọn, ìkángun ibi tó ti já lójijì nìkan ló rí hágahàga. Egungun ò tíì so, ọmọ ti ń gun ọ̀kadà kiri. Pléètì ló ń dá gbé gbogbo ẹrù. Mo ní, “Bàbá, ayé kọ́ o. Irin yìí ò ṣeé jó, kò sì gbọdọ̀ padà wọ ara ẹnikẹ́ni.” Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gba irin wọn.

Lọ́jọ́ kejì, wẹ́dà tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi wá bi mí bóyá mo ní elẹ́kíróòdù irin tí kì í dógùn-ún tí mo lè yá òun.