Iná yẹ́lò àbí iná funfun: bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì orí ṣe ń ṣiṣẹ́

Iye lumen, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ṣe pọ̀ tó, ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí tọ́ọ̀ṣì orí, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń yan èyí tí wọ́n máa rà. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kì í sábà wọ inú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá ẹni tó dè é mọ́rí á lè mọ gbòǹgbò yàtọ̀ sí okùn, tàbí wáyà pupa yàtọ̀ sí wáyà búráùn, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Nọ́ńbà tí lẹ́tà K (kelvin, òṣùwọ̀n ooru) ń tẹ̀ lé ni wọ́n fi ń júwe àwọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1900 K, gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà nínú wà ní 2700 K, oòrùn ọ̀sán gangan wà ní nǹkan bí 5500 K, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tí sánmà ṣú bò sì ń lọ sí 6500 K. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ́n. Bó bá ṣe ń ga sí i ni ó ń funfun, títí á fi máa ta búlúù. Ó jọ pé ó dorí kodò, ṣùgbọ́n irin inú iná alágbẹ̀dẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó kọ́kọ́ pọ́n, ó di yẹ́lò bí ooru ṣe ń pọ̀, ó sì ń lọ sí funfun bí ooru bá tún lékún. Nínú tọ́ọ̀ṣì orí, 2700 K sí 3500 K ni wọ́n ń pè ní yẹ́lò, 4000 K sí 5000 K ni ti àárín, èyí tó bá ti lé ní 5700 K sì ni funfun tó ń ta búlúù.

Kò sí LED kan, ìyẹn iná kékeré inú tọ́ọ̀ṣì òde òní, tó ń tan funfun fúnra rẹ̀. Búlúù ni ègé kékeré tó wà nínú rẹ̀ ń tàn, ní nǹkan bí 450 nm (nanometre, òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Wọ́n wá fi phosphor, tó jẹ́ ẹ̀tù yẹ́lò, bò ó lórí. Apá kan búlúù náà kọjá bó ṣe wà, phosphor sọ apá kejì di yẹ́lò, ojú pa méjèèjì pọ̀, ó sì rí funfun. (LED búlúù yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní 2014.) Tí wọ́n bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà pọ́n, wọ́n á fi kún phosphor, wọ́n á sì po èyí tó ń tan pupa mọ́ ọn. Gbogbo búlúù tó bá yí padà ló ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, tí ìyẹn ń di ooru. Ojú ẹ̀dá kì í sì í rí pupa tó ki dáadáa bó ṣe ń rí àwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí lumen LED yẹ́lò fi sábà máa ń fi 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti funfun, bí iye iná tó ń wọ inú méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Ìdí kan náà ló mú kí tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú fẹ́ràn 6500 K: òun ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí ga.

Àdánù yẹn tóbi lórí páálí ju bó ṣe rí lójú lọ. Kí ìmọ́lẹ̀ tó lè dé ìlọ́po méjì ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, ó ní láti di ìlọ́po mẹ́rin. Tí 300 lumen bá wálẹ̀ sí 255, tí ohun gbogbo yòókù bá sì dọ́gba, iná tó ń dé 100 mítà á ṣì máa dé nǹkan bí 92 mítà. Ẹni tó bá torí ìyẹn yẹra fún iná yẹ́lò kò tíì rí ìdí gidi tó yẹ kó fi yẹra fún un.

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù ni CRI, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ páálí kì í kọ. Ó ń wọn bí àwọ̀ nǹkan lábẹ́ iná kan ṣe sún mọ́ bó ṣe rí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. 100 ni òpin rẹ̀. LED funfun inú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì máa ń wà ní nǹkan bí 70, èyí tó dára gan-an máa ń tó 90 tàbí kó lé. Àléébù kan wà nínú òṣùwọ̀n náà: àwọ̀ mẹ́jọ tí kò ki púpọ̀ ni wọ́n ń ṣírò pọ̀ tí wọ́n ń pín dọ́gba, pupa tó ki, tí wọ́n ń pè ní R9, kò sì sí lára wọn. LED lè gba 80 kí R9 rẹ̀ máa rá pálá nítòsí òdo. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀jẹ̀, awọ ara tàbí wáyà gbọ́dọ̀ béèrè R9, kó sì wá èyí tó lé ní 50.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ohun pupa kì í ṣẹ̀dá pupa. Pupa tó bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń dá padà sójú. Ìmọ́lẹ̀ 6500 K tí CRI rẹ̀ jẹ́ 70 ga fíofío ní 450 nm, ó rì wọlẹ̀ ní nǹkan bí 480 nm, ó tún gòkè níbi àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ṣùgbọ́n tó bá fi máa kọjá 620 nm, ó ti ń tán lọ. Pupa ibẹ̀ kò tó nǹkan, ohun pupa á wá rí bíi búráùn tó ti ṣá. Lójú ọ̀nà inú igbó, ewé gbígbẹ, ẹrẹ̀, gbòǹgbò àti òkúta á di eérú kan ṣoṣo. Òjìji tí ì bá sì ran ojú lọ́wọ́ kò sí, nítorí pé òkè ojú gẹ́lẹ́ ni iná ti ń wá, òjìji nǹkan á sì fara pamọ́ sẹ́yìn nǹkan náà. Àwọ̀ nìkan ló kù tí ojú lè fi mọ ibi tí gbòǹgbò parí sí tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni 4000 K tí CRI rẹ̀ lé ní 90 ti ń sanwó ara rẹ̀.

Yẹ́lò tí CRI rẹ̀ kéré ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ó pa búlúù rẹ́, kò sì fi pupa rọ́pò rẹ̀. Gbogbo nǹkan á kàn rí bí ohun tí wọ́n rì bọ inú omi tíì ni. Nítorí náà, CRI ni kí èèyàn kọ́kọ́ yàn, kó tó kan K.

Tọ́ọ̀ṣì méjì tún lè jọ jẹ́ 4000 K, kí ọ̀kan máa ta àwọ̀ ewé, kí èkejì máa ta pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Láti yẹ́lò dé búlúù nìkan ni K ń wọ̀n. Duv ló ń wọn láti àwọ̀ ewé dé pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Tí Duv bá lé ní òdo, ó ń lọ sí àwọ̀ ewé, nígbà tó bá sì fi tó 0.006, ọ̀pọ̀ ojú á ti rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara da pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé máa ń jẹ́ kí ara èèyàn rí bíi ti aláìsàn. Àwọn LED kan wà tí wọ́n ń ta àwọ̀ ewé nígbà tí iná bá wà ní ìpele ìsàlẹ̀, tí ó sì ń pa rẹ́ tí wọ́n bá gbé e sókè. Ìpele ìsàlẹ̀ yẹn, bíi 20 sí 100 lumen, sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí kò jìnnà sọ́wọ́.

Ní ti kùrukùru, wọ́n máa ń sọ pé iná yẹ́lò ń là á kọjá ju funfun lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru sábà máa ń tó 10 micrometre, ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò sì ju 0.4 sí 0.7 lọ. Ẹ̀kán tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń fọ́n gbogbo àwọ̀ ká bákan náà. Ibi tí iná wà lórí ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ó fi ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ga ju ojú lọ, nítorí náà tààrà sójú ni ohun tí omi bá dá padà ń bọ̀. Èémí ẹni fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí òtútù bá wà. Kí wọ́n bọ́ ọ kúrò lórí, kí wọ́n mú un sí ìbàdí, kí wọ́n sì dín in kù. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ ju pípààrọ̀ àwọ̀ lọ. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ègé inú rẹ̀ kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, búlúù ló sì ń fọ́n ká jù.

Ojú ń gba 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ń rí ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bí 500 nm jù, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí pupa. Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀ṣì fi máa ń ní iná pupa. Ó wúlò, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, ìlà pupa orí máàpù máa ń pòórá pátápátá lára ìwé funfun. Iná yẹ́lò tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀ dé lumen kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sàn jù, nítorí pé bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó ń ba ojú jẹ́ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Yẹ́lò kì í tún fi bẹ́ẹ̀ pe kòkòrò, kì í sì í lé oorun lọ bíi funfun tó ń ta búlúù.

Fún sísáré, gígun kẹ̀kẹ́ tàbí wíwá nǹkan tó jìnnà ju 50 mítà lọ, 5000 K sí 6500 K kò burú, torí pé jíjìn ni wọ́n ń wá. Fún títún ẹ̀rọ ṣe àti iṣẹ́ wáyà, 4000 K sí 5000 K pẹ̀lú CRI 90. Fún kíkàwé àti ìsinmi lálẹ́, 2700 K sí 3000 K. Tọ́ọ̀ṣì tó ní LED méjì, yẹ́lò tó ń tàn káàkiri fún ìtòsí àti funfun tó ń lọ jìnnà, ń yanjú ọ̀pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni kí wọ́n ti dán an wò. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ bá ṣì wà, 3000 K á rí bí ọsàn tó pọ́n. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún nínú òkùnkùn, ojú á ti gbà á bíi funfun. Kí wọ́n dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n pa gbogbo iná yòókù, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì náà nìkan sára ìwé funfun, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó ohun pupa, búráùn, ọsàn àti elésè àlùkò síwájú rẹ̀ ní gbogbo ìpele. Fóònù tó ń yan àwọ̀ fúnra rẹ̀ á purọ́. Kí wọ́n ti àwọ̀ rẹ̀ mọ́ 5000 K kó tó ya fọ́tò. Tí àárín ìmọ́lẹ̀ bá ń ta búlúù tí etí rẹ̀ sì yẹ́lò, phosphor ló fà á: ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde ń rìn pẹ́ nínú rẹ̀ ju èyí tó jáde tààrà lọ. Ọ̀rá tí kò mọ́ gaara, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Wọ́n tún lè gé fílítà aláwọ̀ ọsàn ní róbótó sí iwájú tọ́ọ̀ṣì funfun. Ó ń jẹ lumen, K á sì wálẹ̀, àmọ́ CRI kò ní yí padà lọ títí, torí pé pupa tí LED kò tàn kò sí níbẹ̀ fún fílítà láti jẹ́ kó kọjá. Ìta gíláàsì ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ó má fara kan LED. Ní ìpele tó ga jù, ooru ibẹ̀ tó láti mú kí ọ̀rá náà ká kò.