Díkódà pákẹ́ẹ̀tì rédíò: bí ariwo ṣe ń di ọ̀rọ̀ lójú skíríìnì

Bí ẹ bá yí rédíò aláfọwọ́mú sí 145.825 MHz ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ibùdó òfuurufú ISS ń kọjá lókè, ẹ lè gbọ́ ohùn kan tó dún ṣàà bí ẹni fa aṣọ ya, tó sì dákẹ́ lójijì. Ọ̀rọ̀ ni. Pákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é: lẹ́tà kékeré tí orúkọ ẹni tó rán an àti ti ẹni tí wọ́n rán an sí wà lára rẹ̀. Díkódà ni ẹ̀rọ tó ń tú u.

Ohùn méjì péré ló wà nínú ariwo yẹn. Ọ̀kan ń gbọ̀n nígbà 1200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì nígbà 2200. Mo kọ́kọ́ rò pé ohùn ìsàlẹ̀ ni 1, tòkè ni 0. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni skíríìnì mi fi ṣófo. Ìyípadà ló ń sọ̀rọ̀: bí ohùn bá yí padà, 0 ni, bí kò bá yí, 1 ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbọ́ èdè wa. Bí bàbá àgbà tí ohùn rẹ̀ wúwo bá sọ pé "ọkọ́", ohùn òkè rẹ̀ lè relẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé tó ń sọ pé "ọkọ̀" lọ. Síbẹ̀ a kì í ṣì í gbọ́, torí ohùn tó ṣáájú ni etí fi ń wọn èyí tó tẹ̀ lé e. Bí díkódà náà ṣe ń gbọ́ nìyẹn.

Àmọ́ bí 1 bá pọ̀ ní ìtẹ̀léra, ohùn kò ní yí padà, díkódà á sì ṣi iye kà. Nítorí náà, lẹ́yìn 1 márùn-ún, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ á ki 0 kan bọ̀ ọ́, díkódà á sì yọ ọ́ kúrò. 1 mẹ́fà kò wá lè tò tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí 01111110 fi lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo lò, pẹ̀lú skíríìnì onílà méjì, lẹ́tà 16 lórí ìlà kan. Kàpásítọ̀ kan gbé ohùn wá láti ihò íyáfóònù rédíò. Rẹsítọ̀ 10 kΩ méjì gbé e dúró sórí 2.5 fóòtì, torí Arduino kì í ka iná tó bá lọ sísàlẹ̀ òdo. Ara rédíò tó ti kú, lọ́wọ́ atún-rédíò-ṣe kan ní Lágéré, ni mo ti yọ wọ́n. Arduino ń wo ohùn náà nígbà 9600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìgbà 8 fún bíìtì (0 tàbí 1) kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ti ti lẹ́tà orúkọ sí òsì ní bíìtì kan: A, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ 65, á dé bíi 130, ẹ ní láti dá a padà kí NA1SS, orúkọ ISS lórí rédíò, tó lè hàn.

Ibi tí mo fọwọ́ sọ̀yà lé jù ni bíìtì 16 tó gbẹ̀yìn. Olùránṣẹ́ ti ṣírò gbogbo ọ̀rọ̀ sínú wọn. Díkódà á tún un ṣírò, bí kò bá dọ́gba, ó ju gbogbo rẹ̀ nù. Bí àmì bá rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ á máa yún èèyàn láti pa àyẹ̀wò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ń sọ ibi tí olùránṣẹ́ wà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó yí padà lè gbé ẹni tó wà ní Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà. Nínú nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tí ISS fi ń kọjá, pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó pé ni mo máa ń rí kà.