Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Tí dókítà bá ti kọ warfarin tàbí rivaroxaban tàbí apixaban fún èèyàn, àyà ẹni náà á já, pàápàá tó bá lọ ka bébà tó wà nínú páálí tó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà. Òmíì á gbé oògùn náà sórí tábìlì á máa wò ó. Lójú tèmi o, ó ṣọ̀wọ́n kí oògùn yẹn fúnra ẹ̀ ṣe èèyàn ní jàǹbá tó bá ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ohun tí wọ́n ń lò mọ́ ọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè wọn yẹ̀ wò.

Kí ló ń ṣe nínú ara gan-an? Ṣé ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì ni?

Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dì, torí tí kò bá lè dì, kí ọ̀bẹ kàn gé èèyàn níka, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lọ ni. Ìgbà tó bá lọ dì síbi tí ò yẹ ni wàhálà dé, bíi nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí tàbí orúnkún, ẹni tó ti sùn sọ́sibítù pẹ́, aláboyún àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ní kánsà, àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á wú ju ìkejì lọ, á máa dùn, á gbóná. Tí ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn bá já kúrò níbi tó wà, á bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí ò ní já gaara mọ́, òmíì á kàn ṣubú kú báyìí táwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan tún wà tí ọkàn wọn ń lù ségesège, inú ọkàn níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì tó ń gba ọpọlọ lọ, tó wá di rọpárọsẹ̀.

Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí tuntun dì, kò sì ní jẹ́ kí èyí tó wà nílẹ̀ máa tóbi sí i. Ara fúnra ẹ̀ ló máa rọra tú èyí tó ti wà, ìyẹn sì máa ń gba àkókò, ìdí tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ lò ó fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó bá sì wú bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi òrí ra á, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ kó wálẹ̀.

Wọ́n ní oògùn eku ni warfarin. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, kì í ṣe àhesọ. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, màlúù ń kú ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá gé ìwo wọn báyìí ẹ̀jẹ̀ ò ní dá mọ́. Wọ́n wá rí i pé koríko kan tí wọ́n ń pè ní sweet clover tó ti bu ni wọ́n ń kó fún wọn jẹ. Karl Link àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ló wá kẹ́míkà tó wà nínú koríko yẹn jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, wọ́n kọ́kọ́ tà á fún pípa eku ní 1948, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún èèyàn ní 1954, nígbà tí àìsàn ọkàn sì kọ lu Ààrẹ Eisenhower ní 1955 wọ́n fún òun náà ní warfarin. Eku á jẹ ẹ́ léraléra láìsí ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, tìẹ ni wọ́n ń wọ̀n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ màmá mi ṣáá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń lo apixaban ò lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kankan?

Torí warfarin ni màmá ń lò. Vitamin K ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe àwọn nǹkan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, warfarin ló ń dí i lọ́wọ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára Lágbájá ò sì bá ti Tàmẹ̀dù mu rárá, kódà lára ẹnì kan ṣoṣo ó lè yí padà láàárín oṣù kan. Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní INR ló ń sọ ibi tó dé. Ẹni tí ò lo nǹkan kan máa ń wà ní nǹkan bí 1, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó, wọ́n fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3, àwọn kan tó ní fáàfù onírin lọ́kàn, ìyẹn ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, tiwọn lè gòkè dé 3.5. Tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dì, tó bá ga jù ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Kì í tètè mú o, ó ń tó bí ọjọ́ márùn-ún kó tó ràn dáadáa, ìdí tí wọ́n fi máa ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Apixaban àti rivaroxaban ò nílò INR, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí ẹ̀gbọ́n má padà sí ọsibítù mọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín ẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí kíndìnrín wà lára ohun tó ń kó oògùn náà jáde, tí ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa oògùn á máa pọ̀ lára. Ẹni tí wọ́n bá fi fáàfù onírin sí lọ́kàn, warfarin ni tiẹ̀, kó má tìtorí pé abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ̀sì ti sú u kó lọ ra ti ìgbàlódé.

Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Kí ni kí n wá máa fi jẹ iyán?

Fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́ jàre. Ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń lo warfarin nìkan ló kàn, àwọn tó kù lè jẹ ẹ̀fọ́ bó ṣe wù wọ́n. Òótọ́ ni pé vitamin K pọ̀ nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu àtàwọn ewé tútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́, ohun tó fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ torí bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun yẹn ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń wá ìwọ̀n oògùn yín. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kàn ṣàdédé pa á tì, INR ẹ̀ lè fò sókè. Ẹni tí ò kì í jẹ ẹ́ tí wọ́n wá ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ugu, tó ń po mílíìkì àti malt mọ́ ọn láràárọ̀, ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa warfarin yẹn nìyẹn.

Orí ń fọ́ mi, ara ń ro mí. Kí ni mo lè lò?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Paracetamol ni ẹ kọ́kọ́ mú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, tó bá sì máa ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó INR yín. Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀ látilẹ̀, aspirin ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fi kaféènì sí i. Aspirin fúnra ẹ̀ ò kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa, ó sì ń bó inú ikùn, tó bá wá bá warfarin tàbí apixaban pàdé nínú èèyàn kan náà, ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ láìsí pé ó dùn ún. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àdàlù tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún yín ní kíọ́sìkì pé "oògùn ara ríro" yẹn ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn kan wà o tí dókítà dìídì ní kí wọ́n lo aspirin mọ́ ọn torí ọkàn wọn, ìyẹn yàtọ̀, kí wọ́n má torí ohun tí mo sọ yìí dá a dúró.

Ti àwọn tó ń lo warfarin tún le díẹ̀ sí i, torí Flagyl tí gbogbo èèyàn ń dá rà bí inú bá ti ń run wọ́n máa ń mú kí INR ga gan-an, Septrin ń ṣe bẹ́ẹ̀, fluconazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ní tiẹ̀ máa ń dín agbára oògùn náà kù gan-an, ti apixaban àti rivaroxaban kò yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó fún oògùn kankan ní kẹ́míìsì, gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni "mò ń lo oògùn tí ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì o."

Àgbo ńkọ́? Mi ò ní bú àgbo, èmi náà mu ún dàgbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ oògùn yìí dá lé, ìyá alágbo ò sì lè sọ iye ohun tó wà nínú ife kan, tọ̀la sì lè le ju tòní lọ, kí n má tíì sọ èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Abẹ́rẹ́ ìdí náà wà ńlẹ̀. Ibà ṣe yín, nọ́ọ̀sì àdúgbò ní òun á gún yín lábẹ́rẹ́ kó lè tètè lọ. Ẹ ní rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ẹran ìdí yẹn kó wú kó le gbandi, oògùn ibà tí wọ́n ń gbé mì wà. Eyín yíyọ, gbẹ́rẹ́, iṣẹ́ abẹ kékeré, kí wọ́n tó fi nǹkan mímú kàn yín ẹ ti sọ fún wọn.

Mo gbàgbé láti lò ó lánàá. Ṣé kí n lo méjì lónìí?

Ẹ má lo méjì. Tó bá jẹ́ warfarin, tẹ́ ẹ bá rántí kí ọjọ́ yẹn tó parí ẹ lò ó, tílẹ̀ bá ti mọ́ ẹ fò ó, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì. Rivaroxaban ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Apixaban jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá rántí àyàfi tí àkókò òmíì bá ti fẹ́ tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rivaroxaban fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì sí lára ní òfin tiẹ̀, ẹ pe famasísì. Aláàmù fóònù ò gbówó lọ́wọ́ yín, ẹ lò ó.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bi dókítà, yálà Ràmádáànì ni tàbí ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì. Warfarin tẹ́ ẹ ń lò lálẹ́ ò ní wàhálà púpọ̀, àmọ́ oúnjẹ tó yí padà lè yí INR padà. Rivaroxaban 15 àti 20 míligíráàmù gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé, tẹ́ ẹ bá gbé 20 mì sínú ikùn òfìfo bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ò ní wọ ara, ìṣínu bá a mu nìyẹn. Apixaban ní tiẹ̀ yẹ kó jìnnà síra ní wákàtí méjìlá, ìṣínu àti sààrì sì lè sún mọ́ra jù fún un.

Àbúrò mi ń fi warfarin ránṣẹ́ láti London, ó tán, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Houston. Ọ̀kan náà kọ́ ni?

Oògùn kan náà ni, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì ṣọ́ra gidi gan-an! Ní Bìrìtìkó, funfun jẹ́ 0.5 míligíráàmù, búráùn 1, búlúù 3, pínkì 5. Ní Amẹ́ríkà pínkì jẹ́ 1, búlúù 4, funfun sì jẹ́ 10. Màmá tí wọ́n ti kọ́ pé "funfun kan lálẹ́" lọ́wọ́ oògùn London tó wá ń mú funfun Amẹ́ríkà, ìlọ́po ogún ló ń gbé mì yẹn. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa kà, ẹ má wo àwọ̀. Ẹ tún wo orúkọ inú: Xarelto àti rivaroxaban oògùn kan náà ni, Eliquis àti apixaban oògùn kan náà ni, ẹ má lọ lo méjèèjì pọ̀ torí pé páálí yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rà á nílé, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹsẹ̀ mi ti wálẹ̀, oògùn yìí sì wọ́n. Ṣé mo lè dá a dúró?

Mo mọ̀ pé ó wọ́n, mi ò ní díbọ́n. Ṣùgbọ́n rivaroxaban àti apixaban ò pẹ́ lára, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ààbò wọn ti lọ, ẹ̀jẹ̀ lè tún dì. Kó tó ku hóró tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ fún dókítà pé owó ò sí, ó lè gbé yín sórí warfarin tó dínwó púpọ̀. Ẹ má dín in kù fúnra yín, ẹ má sì máa lo ìdajì.

Mo fẹ́ lóyún.

Ẹ sọ kó tó di pé oyún dúró. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá, apixaban àti rivaroxaban náà ò bá oyún mu. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi Clexane, ni wọ́n sábà máa ń gbé aláboyún sí. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má kàn jáwọ́ nínú oògùn kẹ́ ẹ jókòó sílé. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lo warfarin.

Kí ni kí n máa ṣọ́ lára?

Kí eyín ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kí ara tètè máa dúdú níbi tẹ́ ẹ bá fi gbá nǹkan, ẹ mẹ́nu bà á nígbà tẹ́ ẹ bá lọ. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la ni ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà (ti àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù náà máa ń dúdú, kí wọ́n ṣáà bèèrè), ìtọ̀ tó pupa, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tẹ́ ẹ sì ti dì í mú, nǹkan oṣù tó ń ya bí omi, orí fífọ́ tó kàn bẹ́ lójijì tí irú ẹ̀ ò ṣe yín rí.

Tẹ́ ẹ bá fi orí gbálẹ̀, bóyá ọ̀kadà ló gbé yín ṣubú tàbí ẹ yọ̀ ní bálùwẹ̀, ẹ lọ sọ́sibítù bí ò tiẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kankan, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí tí ojú ò ní rí i, kẹ́ ẹ sọ orúkọ oògùn àti aago tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú bébà kékeré kan, kẹ́ ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì, torí tẹ́ ẹ bá dákú fóònù tó ní páásíwọ́ọ̀dù ò ní wúlò fún nọ́ọ̀sì.